Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Dìde Lọ́jọ́ Sátidé

Ewùrà ni mò ń rin fún ìkọ́kọrẹ́ ọ̀sán kí n tó jókòó sídìí ìwé yìí. Mo rin ín tán, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo dé e, mo fọ ọwọ́, mo sì nu ún gbẹ dáadáa, nítorí pé ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ ọwọ́ mi pé kò gbọdọ̀ tutù bí ó bá fẹ́ kan ohun tó ṣe pàtàkì. Àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti jáde ló ń wá ẹni tí yóò sọ fún wọn bí iṣẹ́ ṣe rí. Wọ́n ti gbọ́ ti dókítà, wọ́n ti gbọ́ ti lọ́yà. Ó wá kan èmi tí mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. N kì í lè sọ̀rọ̀ níwájú èrò, nítorí náà mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́.

Adébísí ni orúkọ mi; Bísí ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ojú mi kò rí àwọn ìdè kéékèèké tí a fi ń de ẹ̀rọ pọ̀ dáadáa mọ́. Kì í ṣe gbogbo àìsàn kọ̀ǹpútà ni mo mọ̀ wò. Èyí tí wọ́n fi mọ̀ mí ni èyí tí a bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tí kò dìde, pàápàá èyí tí Windows àti Linux, ètò méjì tó ń darí kọ̀ǹpútà, bá jọ ń gbé inú rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì rí irú rẹ̀ rí, ẹ fi sọ́kàn pé ilé kan ni, ìdílé méjì ló ń gbé ibẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Bí ilé bá ṣí, ìwé kékeré kan á yọ lójú kọ̀ǹpútà, á bi yín pé ìdílé wo lẹ wá kí. Bí nǹkan bá ṣe ẹnu ọ̀nà yẹn, àwọn méjèèjì wà láàyè nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró síta á rò pé ilé ti ṣófo.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, bàbá mi kò lágbára yunifásítì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ṣóyẹmí ní Ìmọ̀wò. Wọ́n dá ọdún mẹ́ta fún mi. Ìyẹn tó.

Ọ̀gá Ṣóyẹmí jẹ́ ẹni pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í pariwo. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé alápá irin ni wọ́n kọ́kọ́ ń tún ṣe. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú, wọ́n ra ọ̀kan tó ti bàjẹ́, wọ́n tú u palẹ̀ sórí ẹní, wọ́n sì tò ó padà lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún kó tó dìde. Àwọn fúnra wọn ló kà á. Ẹni tó bá lè ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ mọ irú ọ̀gá tó máa jẹ́.

Òfin wọn àkọ́kọ́ ni pé ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ẹ̀rọ oníbàárà títí a ó fi kọ ohun tó wà lójú rẹ̀ sínú ìwé, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bí ojú rẹ̀ bá dúdú, kọ ọ́ pé ó dúdú. Bí ó bá ké, ka iye ìgbà tó ké. Lọ́jọ́ kan, mo kọ ọ́ pé díìsìkì ní wàhálà. Ọ̀gá mi wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n wo ìwé mi.

"Ṣé ohun tó sọ nìyí?"

"Ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn, sà."

"N kò bi ọ́ ní ìtumọ̀. Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ sí mi, ṣé ìtumọ̀ lo máa jẹ́ fún mi?"

Wọ́n fa ojú ìwé náà ya. Mo tún un kọ, mo fo àmì ìdánudúró kan, wọ́n tún fà á ya. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó jẹ́ kí n mú irinṣẹ́. Ojú mi pọ́n, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà n kò tún fo àmì kan mọ́.

Òfin kejì ni mo fi ara kọ́. Bàbá àgbàlagbà kan, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, gbé kọ̀ǹpútà wọn wá láti Ayépé. Ọ̀gá mi wà lẹ́yìn ilé. Mo kí bàbá náà, mo fún wọn ní àga, mo sì bèèrè pé, "Bàbá, kí lẹ ṣe sí i?"

"Èmi?" Wọ́n dìde kúrò lórí àga. "Kí lèmi ṣe sí i? Ọmọ ta ni ọ́ ná? Ṣé mo jọ ẹni tó ń ba nǹkan jẹ́ lójú rẹ?"

Kí ọ̀gá mi tó dé, wọ́n ti ní kí ọlọ́kọ̀ gbé ẹ̀rọ wọn padà sínú ọkọ̀. Ọ̀gá mi bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbà. Mo rò pé ọ̀gá mi á lù mí. Wọn kò lù mí. Wọ́n ní, "Ìwọ Bísí, gbé àpótí yẹn sẹ́nu ọ̀nà, kí o jókòó sí i. Oṣù kan gbáko, o ò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Máa gbọ́ bí mo ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀."

Oṣù kan ni mo fi jókòó bíi ère ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ń kọjá ń bi mí bóyá wọ́n ti sọ mí di ọlọ́dẹ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí mo yẹ kí n gbọ́. Ọ̀gá mi kì í bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ṣe. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, "Báwo ni ọjọ́ náà ṣe lọ?" Oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀: ó jí, ó fi mọ́ín-mọ́ín jẹ ẹ̀kọ, iná lọ, àbúrò rẹ̀ dé láti Èkó, àbúrò rẹ̀ ní òun fẹ́ fi eré ìdárayá kan sínú kọ̀ǹpútà náà... Ọ̀gá mi á máa mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn. Bí oníbàárà bá lọ, wọ́n á kọjú sí mi.

"Níbo ni àrùn wà?"

"Níbi àbúrò, sà."

"O ti ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Bí o bá bi àgbàlagbà pé kí ló ṣe, o ti dá a lẹ́jọ́ nìyẹn. Bi í pé báwo ni ọjọ́ rẹ̀ ṣe lọ, á fẹnu ara rẹ̀ mú ọ dé ibi tó ti ṣubú."

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rò pé irin àti wáyà nìkan ni iṣẹ́ yìí, ẹ tún un rò. Ìdajì rẹ̀ wà lẹ́nu ènìyàn.

Mo gba òmìnira lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mo bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Irinṣẹ́ ń yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, orí dísíkẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ ni a ń gbé oògùn kọ̀ǹpútà sí, a sì lè nílò ogún nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ kan. Bí ìkejìdínlógún bá bàjẹ́, a ó padà sí ìkíní. Síìdì dé, ó gba ipò dísíkẹ́ẹ̀tì. Fíláàṣì dé, ó gba ipò síìdì, gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú àpótí mi tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí mo ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Ijagun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èyí tó ní Linux wá, n kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ ìwé rẹ̀ jáde, mo sì kà á lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́rin bí ẹni ń ka ìwé ìdánwò. Ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi lásìkò yẹn, ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi pe ọ̀gá." Mo ní ọ̀gá ń bọ̀. Mo wọ inú, mo yọ ìborùn mi, mo jáde padà, mo ní, "Ọ̀gá ti dé, sà. Báwo ni ọjọ́ náà ṣe lọ?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó di oníbàárà mi títí mo fi kógbá sílé.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mo ti ń gbóná lójú ara mi nígbà tí àgbákò dé. Ọdún kọkànlá tí mo ti dá dúró ni.

Àlàájà kan wà tó dá ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni sílẹ̀ nílùú wa. Ìdílé oníṣòwò ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ń fi ojú oníṣòwò wo ilé-ẹ̀kọ́ wọn: gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ wà ní ipò rẹ̀. Nínú ọ̀fíìsì wọn ni kọ̀ǹpútà àgbékalẹ̀ kan wà tó ní ìdílé méjì. Windows ni Àlàájà fi ń kọ lẹ́tà. Linux ni Tíṣà Káyọ̀dé, olùkọ́ ìṣirò, fi ń tọ́jú máàkì àwọn ọmọ.

Ní Sátidé kan, Tíṣà Káyọ̀dé pè mí pé kọ̀ǹpútà kò dìde. Mo lọ. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé òun kò rí ohun tí òun yóò fi dìde. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo wọ ojú ìwé ètò tó wà nínú ẹ̀rọ náà, mo tún ọ̀nà hádì tí gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀ fi hàn án, mo tún aago rẹ̀ ṣe, ó dìde. Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n tún pè mí. Nǹkan kan náà. Mo pààrọ̀ wáyà hádì, mo tún ẹnu ọ̀nà fi hàn án, mo tún aago rẹ̀ ṣe, ó dìde. Ìgbà kẹta, inú bí mi. Mo yọ hádì náà, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ tèmi, mo sì tẹ bọ́tìnnì. Kò dìde. Mo padà lọ bá Àlàájà, mo fi ẹnu mi sọ ọ́ pé, "Mà, hádì yìí ti kú."

Wọ́n ra tuntun. Mo gbé Windows àti Linux sínú rẹ̀, Àlàájà sì gbéra lọ sí Mẹ́kà. Máàkì àwọn ọmọ ti bá ti àtijọ́ lọ. Tíṣà Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ láti tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan sì ti sọ ìwé tiwọn nù. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ẹ̀rọ ń dìde. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá, ó ń dìde. Mo ń rìn nílùú bí ẹni tó ṣẹ́gun. Sátidé kẹta, fóònù mi dún.

Nígbà tí mo débẹ̀, Àlàájà ti jókòó, àwọn tíṣà mẹ́fà tó wá fún ẹ̀kọ́ Sátidé sì dúró yí wọn ká. Wọn kò dáhùn ìkíni mi.

"Bísí, mo ra hádì tuntun, àbí n kò rà á?"

"Ẹ rà á, mà."

"Ó lo oṣù kan?"

"Kò lò ó, mà."

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tíṣà. Ẹ̀rọ mi ń ṣiṣẹ́ kí obìnrin yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó ń kó ojúlówó inú rẹ̀ lọ, ó ń fi àlòkù dípò. Olè ni."

Tíṣà Káyọ̀dé ní, "Àlàájà, ẹ má bínú..." Àlàájà gbé ọwọ́ sókè dá a dúró.

"Lọ́jọ́rú ni a gbọ́dọ̀ fi máàkì àwọn ọmọ àṣekágbá ránṣẹ́. Bí Ọjọ́rú bá kọjá tí n kò rí i, kò sí ibi tí n kò ní sọ ọ́ dé. N óò sọ ọ́ lọ́jà, n óò sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, n óò sì lọ bá ẹgbẹ́ yín. Kò sẹ́ni tó máa gbé ẹ̀rọ fún ọ mọ́ ní Ìjẹ̀bú."

Ẹ mọ bí ìlú wa ṣe rí. Ọ̀rọ̀ tí Àlàájà bá sọ lọ́jà láàárọ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó á ti gbọ́ ọ ní ọ̀sán. Orúkọ nìkan ni oníṣẹ́ ọwọ́ ní. Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, mo jáde, mo jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì ń wo hádì tí mo pè ní òkú àti èyí tí mo pè ní tuntun. N kò rí ìyàtọ̀ kankan.

Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Ṣóyẹmí padà sí nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń dáko. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń ṣẹ́ àgbàdo. Mo rò fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn kò gbé ojú sókè.

"O mú ẹ̀rọ náà wá?"

"Rárá, sà. Hádì méjèèjì ni mo mú."

"N kò bèèrè hádì. Ìwé ńkọ́?"

Mo fa ìwé mi yọ. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Sátidé. Kò rí ohun tí yóò fi dìde. Mo tún aago ṣe. Sátidé. Kò rí ohun tí yóò fi dìde. Mo tún aago ṣe. Sátidé..." Wọ́n dúró. "Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"O ń kọ ọ́, o ò kà á. Bísí, ẹ̀rọ wo ló ń mọ̀ pé òní ni Sátidé?"

Mo gba ìwé náà, mo kà á fúnra mi. Ìgbà mẹ́ta ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé aago rẹ̀ ti lọ sẹ́yìn, tí mo sì tún un ṣe bí ẹni ń nu eruku, tí n kò bi ara mi pé kí ló ń mú aago lọ sẹ́yìn.

"Hádì tí o ní ó kú ńkọ́," wọ́n ní, "báwo lo ṣe mọ̀ pé ó kú?"

"Mo so ó mọ́ ẹ̀rọ mi, sà. Kò dìde."

"Ẹ̀rọ rẹ ti lo ọdún mélòó?"

"Ó ti pẹ́, sà."

"O mú àlejò tó ń gba ẹnu ọ̀nà tuntun lọ sí ilé àtijọ́ tí kò ní irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. O ní kó dìde, kò dìde, o ní ó kú. Ṣé gbogbo ẹni tí kò bá dìde ló ti kú? Èmi náà kò tíì dìde látìgbà tí o ti dé."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún. Kí a tó mọ̀ pé kíjìpá kì í ṣe awọ, ó di ọdún mẹ́ta. Ọpẹ́ ni pé tèmi kò ju oṣù kan àtààbọ̀ lọ. Nígbà tí mo délé, mo tún hádì àtijọ́ náà so mọ́ ẹ̀rọ mi. N kò ní kó dìde mọ́. Mo kàn ní kó jẹ́ kí n wo inú rẹ̀. Ìdílé méjèèjì wà níbẹ̀ láìfarapa, máàkì àwọn ọmọ sì wà níbẹ̀ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan.

Bátìrì ni. Nínú kọ̀ǹpútà àgbékalẹ̀, bátìrì pẹlẹbẹ kan wà tó rí bíi kọ́bọ̀ àtijọ́. Òun ló ń bá ẹ̀rọ rántí, bí iná bá kúrò lára rẹ̀ pátápátá, pé aago mélòó ló lù àti pé ibo ni ẹnu ọ̀nà wà. Bí bátìrì yẹn bá ti kú, ṣùgbọ́n tí púlọ́ọ̀gì bá wà lára ògiri, iná díẹ̀ ń yọ́ wọlé, ẹ̀rọ kò sì ní gbàgbé. Ilé-ẹ̀kọ́ Àlàájà ní ínfátà tó ń tọ́jú iná pamọ́, iná kì í tán lára ẹ̀rọ wọn. Ó túmọ̀ sí pé láàárín ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ àti àárọ̀ Sátidé, ẹnì kan ń gé iná ibẹ̀ pátápátá. Ta ni? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó pè mí ní olè?

Ọ̀gá mi ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi kí n tó wọkọ̀. "Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, bátìrì ni kí o dá lẹ́bi. Bátìrì kò ní ẹbí tí yóò bá wa jà."

Ní Mọ́ńdè, mo wọlé sí ọ̀fíìsì Àlàájà, mo kúnlẹ̀. Tíṣà Káyọ̀dé wà níbẹ̀ pẹ̀lú òkìtì ìwé àwọn ọmọ. Wọ́n ní, "O mú ojúlówó mi wá?"

Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ọjọ́ Jímọ̀ yín ṣe máa ń lọ?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí. Ṣùgbọ́n kò sí àgbàlagbà tí kò fẹ́ sọ wàhálà ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Jímọ̀ mi? Kí lo mọ̀ nípa Jímọ̀ mi! Aago méjìlá ni àwọn tíṣà ti ń sá lọ, tàwọn tó ń kírun tàwọn tí kì í kírun. Èmi nìkan ni n óò máa ti ilẹ̀kùn. Ṣé o rántí fíríìjì mi tó jóná? Jímọ̀ ni. A wà ní mọ́ṣáláṣí, iná dé pẹ̀lú agbára, ó jó o. Láti ìgbà náà, kí n tó lọ kírun, èmi fúnra mi ni mo máa ń yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì lára ògiri, n óò sì pa ínfátà. Ní Sátidé ni Káyọ̀dé máa ń wá tan án padà."

Tíṣà Káyọ̀dé gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé. N kò wò ó.

"Ẹ ṣe iṣẹ́ ńlá, mà," mo ní. "Jímọ̀ méjì tí ẹ lọ sí Mẹ́kà ńkọ́? Ta ló yọ ọ́?"

"Ta ló máa yọ ọ́? Ta ló ń bìkítà fún nǹkan mi?"

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni ẹ̀rọ fi dìde láìsí wàhálà. Mo gbé hádì àtijọ́ padà sí ipò rẹ̀, mo tún ẹnu ọ̀nà fi han ẹ̀rọ, mo tẹ bọ́tìnnì. Ìwé kékeré náà yọ: Windows tàbí Linux? Mo ní kí Tíṣà Káyọ̀dé wá mú. Ó mú Linux. Nígbà tó rí máàkì rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu.

"Ẹ dúró, ẹ má tíì yọ̀," mo ní. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo ka ọgọ́ta, mo fi púlọ́ọ̀gì padà sára ògiri. Kò rí ohun tí yóò fi dìde.

"Máàkì mi!" Tíṣà Káyọ̀dé kígbe.

Mo yọ bátìrì tó ti kú, mo fi tuntun sí i, mo tún ẹnu ọ̀nà fi hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dìde. Mo tún pa á, mo sì na ọwọ́ sí púlọ́ọ̀gì. Àlàájà dìde.

"Kúrò níbẹ̀. Èmi ni n óò fà á."

Wọ́n fà á yọ. Wọ́n mú tẹ̀súbà wọn, wọ́n fi ka mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún láìyára, èmi àti Tíṣà sì dúró bí ẹni tó wà nílé ẹjọ́. Wọ́n fi púlọ́ọ̀gì padà sára ògiri. Wọ́n fi ìka ara wọn tẹ bọ́tìnnì. Ìwé kékeré náà yọ: Windows tàbí Linux?

Àlàájà jókòó.

"Èmi ni, àbí?"

"Rárá, mà. Bátìrì ni."

"Bísí, má purọ́ fún mi nínú ọ̀fíìsì mi."

"Bátìrì ni, mà. Ká ní kò kú ni, ẹ ì bá fa púlọ́ọ̀gì yọ fún ọdún kan, kò ní gbàgbé. Èmi náà ṣe àṣìṣe, mà. Mo pe hádì tó wà láàyè ní òkú."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Tíṣà Káyọ̀dé lọ lu agogo. Gbogbo tíṣà àti gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tò síta nínú oòrùn, Àlàájà sì dúró níwájú wọn. "Ní Sátidé, mo pe obìnrin yìí ní olè lójú àwọn tíṣà yín. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ó rí ohun tí gbogbo wa kò rí. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi tí n kì í lè dúró níwájú èrò, mo dúró níbẹ̀, n kò sì wá ibi tí n óò sá sí. Lọ́jọ́ kejì, máàkì àwọn ọmọ ti lọ, nígbà tó ṣì ku ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ibi tí èyí tí wọ́n fẹ́ fi bà mí jẹ́ ì bá dé. Láti Ayépé, láti Ijagun, wọ́n ń gbé ẹ̀rọ tí àwọn mìíràn ti pè ní òkú wá fún mi, mo sì jí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dìde. N kò jí gbogbo wọn dìde. Àwọn kan ti kú lóòótọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tún pe èyíkéyìí ní òkú mọ́ láìwo inú rẹ̀. Irinṣẹ́ ṣì ń yí padà. Ní báyìí, ẹ̀rọ mìíràn kò ní ju ìdè mẹ́fà lọ, bátìrì àti gbogbo nǹkan ti wà ní sísopọ̀ mọ́ ara wọn, àwọn ọ̀dọ́ sì ń bi fóònù wọn léèrè ohun tí àwa ń fi oṣù mẹ́rin kà. Kò burú. Ẹ bi í. Ṣùgbọ́n fóònù kò mọ̀ pé fíríìjì ẹnì kan jóná lọ́jọ́ Jímọ̀.

Mo kọ́ obìnrin mọ́kànlá níṣẹ́ yìí, gbogbo wọn ló gba òmìnira. Ràmọ́tà ló gbẹ̀yìn, òun ni mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún. Lọ́sẹ̀ tí mo kógbá sílé, Àlàájà pè mí lórí fóònù. Wọ́n ti darúgbó, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò tíì rọ̀. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ọ̀fíìsì wọn kò dìde, kí n máa bọ̀. Mo ṣàlàyé pé mo ti fẹ̀yìn tì, pé ẹni tí mo fi sípò wà, Ràmọ́tà lorúkọ rẹ̀.

"N kò mọ̀ ọ́n," wọ́n ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ kò tíì rí i rí."

"Ṣé ìwọ lo kọ́ ọ?"

"Èmi ni, mà. Ọdún mẹ́rin."

Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń dún lọ́wọ́ wọn.

"Ó dáa. N kò ní sí nílé lọ́la. Ní kó wá gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀fíìsì mi lọ́wọ́ Káyọ̀dé, kó ṣí i fúnra rẹ̀."